Gbígba Àyè Ìrántí àti Dídá A Padà Nínú Ògbufọ̀ Ẹ̀rọ Kọ̀ǹpútà

Nínú gbogbo ètò tí ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, èyí tí ó jẹ́ olórí àwọn yòókù ni a ń pè ní ètò ìdarí. Linux jẹ́ ọ̀kan nínú irú rẹ̀. Windows náà jẹ́ ọ̀kan. Ètò ìdarí ni ó ń pín àkókò iṣẹ́ fún àwọn ètò yòókù. Òun ni ó ń fún wọn ní àyè nínú ìrántí ẹ̀rọ, èyí tí í ṣe ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tí ó ń lò lọ́wọ́ sí. Òun náà ni ó sì ń ṣe onílàjà láàrin wọn. Ṣùgbọ́n bí ó ti lágbára tó, kò gbọ́ èdè gbogbo ohun èlò tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà. Káàdì tí ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì ní èdè tirẹ̀, kámẹ́rà ní tirẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní tirẹ̀. Kódà kámẹ́rà méjì tí ó ti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ méjì jáde lè má gbọ́ ara wọn rárá. Ètò kékeré tí ó dúró láàrin, tí ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ètò ìdarí fún ohun èlò, tí ó sì ń túmọ̀ ìdáhùn ohun èlò fún ètò ìdarí, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní device driver.

Ó rọrùn láti sọ pé dẹ́rẹ́bà ni kí á máa pè é, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti di ti Yorùbá láti ìgbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti dé. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ni dẹ́rẹ́bà ń wà, ètò yìí kò sì wa ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ ni ó ń gbà ní ọ̀tún tí ó sì ń sọ ní òsì. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ààfin ni iṣẹ́ rẹ̀ jọ, ògbufọ̀ ẹ̀rọ ni yóò sì máa jẹ́ nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ibi tí ògbufọ̀ náà ń gbé ni wọ́n ń pè ní kernel, èyí tí í ṣe ekùrọ́ gan-an: àárín gbùngbùn ètò ìdarí, tí èèpá líle yí ká, tí ẹni tí a kò fọkàn tán kò lè wọ̀. Ekùrọ́ náà ni yóò máa jẹ́ níhìn-ín.

Ètò lásán tí ènìyàn fi ń kọ lẹ́tà tàbí tí ó fi ń gbọ́ orin ń gbé inú ọgbà tirẹ̀, ètò ìdarí sì ti mọ odi yí i ká. Bí ó bá ṣìwà hù, òun nìkan ni yóò kú. Ní ọjọ́ tí ó bá sì kú, ètò ìdarí yóò gbá gbogbo àyè ìrántí tí ó ti gbà láti òwúrọ̀ jọ, yóò sì kó o padà sínú àká. Bí ẹni tí ó kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ bá ṣe àìbìkítà díẹ̀, ìlú kò ní í tìtorí rẹ̀ dàrú. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún ògbufọ̀ ẹ̀rọ. Nínú ekùrọ́, kò sí odi. Ohun gbogbo tí ètò ìdarí fúnra rẹ̀ lè fọwọ́ kàn ni ògbufọ̀ náà lè fọwọ́ kàn. Bí ó bá gbàgbé láti dá àyè kan padà, kò sí alábòójútó lókè rẹ̀ tí yóò bá a gbé e. Àyè náà ti lọ títí di ọjọ́ tí a óò pa kọ̀ǹpútà náà tí a óò sì tún un tàn. Lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká tí à ń pa lálaalẹ́, èyí lè má hàn sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n lórí èyí tí ó wà ní ilé ìfowópamọ́ tàbí ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, tí ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, báìtì 100 péré tí ń sọnù ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan yóò ti ju mílíọ̀nù 8 báìtì lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú, yóò sì ju bílíọ̀nù 3 lọ kí ọdún tó yípo.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024 fi hàn bí ekùrọ́ kì í ti í dárí ji ni. Ilé-iṣẹ́ CrowdStrike ti Amẹ́ríkà fi fáìlì tuntun ránṣẹ́ sí ètò ààbò rẹ̀, tí ń ṣiṣẹ́ nínú ekùrọ́ Windows gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀. Fáìlì náà mú kí ètò ọ̀hún wá ohun kọkànlélógún níbi tí ogún péré wà. Ó na ọwọ́ kọjá ààlà àyè tí í ṣe tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí Microsoft ṣírò sí mílíọ̀nù 8.5 dákú. Ọkọ̀ òfurufú kò lè gbéra ní ọ̀pọ̀ ibùdó, àwọn ilé-ìwòsàn kan sì ní láti sún iṣẹ́ abẹ síwájú. Lóòótọ́, ti ààlà ni ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ti àìdápadà. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, nítorí pé bí ògbufọ̀ bá lo àyè tí ó ti dá padà, ó ti kọjá ààlà bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Àkókò ni ààlà tí ó kọjá níbẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀.

Kì í sì í ṣe pé àwọn tí ń kọ ògbufọ̀ jẹ́ ọ̀lẹ. Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Helsinki ní 1991, ti di ńlá tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tí ó ju ìdajì ìlà inú rẹ̀ lọ fi jẹ́ ti àwọn ògbufọ̀ ẹ̀rọ. Nígbà tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Stanford yẹ Linux wò tí wọ́n sì tẹ ìwé wọn jáde ní 2001, wọ́n rí i pé fún àwọn irú àṣìṣe kan, àṣìṣe inú àwọn ògbufọ̀ pọ̀ tó ìlọ́po 3 sí 7 ti inú ìyókù ekùrọ́. Kò yani lẹ́nu. Àwọn tí ó mọ ekùrọ́ dunjú ni wọ́n kọ àárín rẹ̀, ọ̀pọ̀ ojú ni ó sì ń wò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ohun èlò kan ṣoṣo ni ó máa ń kọ ògbufọ̀ rẹ̀, àwọn tí ó ní irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ nílé tí wọ́n lè fi dán an wò kì í sì í pọ̀.

Báwo ni ògbufọ̀ ṣe ń gba àyè? Bí àjèjì ṣe ń wá ilẹ̀ oko lọ́wọ́ baálẹ̀ ni. Nínú Linux, yóò ké sí kmalloc, yóò sọ iye báìtì tí ó ń fẹ́. Bí àyè bá wà, a óò fún un ní àdírẹ́sì igun tí àyè náà ti bẹ̀rẹ̀. Àdírẹ́sì yìí nìkan ni ẹ̀rí tí ó ní lọ́wọ́. Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí, yóò mú àdírẹ́sì kan náà lọ bá kfree, ilẹ̀ yóò sì padà sí ọwọ́ onílẹ̀. Bí ó bá sọ àdírẹ́sì náà nù láàrin, bóyá nítorí pé ó kọ nǹkan mìíràn lé e lórí, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lórí ilẹ̀ náà nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ ọ̀nà ibẹ̀ mọ́. Òun kò lè lò ó, ẹlòmíràn kò sì lè gbà á. Èyí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi wé àmù tí ń jò. Kmalloc kì í fọ ilẹ̀ kí ó tó fún ni. Ohun tí ẹni àná kọ síbẹ̀ lè wà níbẹ̀ síbẹ̀. Nítorí náà ni kzalloc fi wà, tí ó ń fi òdo kún gbogbo àyè náà kí ó tó gbé e kalẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé inú àyè tí a kò fọ̀ lè ní ọ̀rọ̀ aṣínà ẹlòmíràn nínú kò ní í ṣàárẹ̀ láti lo ti kejì.

Oríṣìí àyè mìíràn wà tí ìmọ̀ wọn kò gba àlàyé púpọ̀. Vmalloc ń fúnni ní àyè ńlá tí ó dà bí ẹni pé ó so pọ̀, tí ó sì jẹ́ pé ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ti ṣa á jọ, ní ojú-ewé ojú-ewé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ báìtì 4096 lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Dma_alloc_coherent ní tirẹ̀ ń fúnni ní àyè tí ohun èlò fúnra rẹ̀ lè kọ nǹkan sí láìgba ọwọ́ ògbufọ̀. Ọ̀nà tí a bá gbà mú un ni a óò gbà dá a padà: ohun tí vmalloc fúnni, vfree ni yóò gbà á, a kì í yá owó lọ́wọ́ Òjó kí a san án fún Àjàyí.

Ohun tí ó gba ìṣọ́ra jù ni bí a ṣe ń béèrè. Ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni èyí tí a ń kọ GFP_KERNEL sí, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé bí kò bá sí àyè nísinsìnyí, ẹni tí ń tọrọ lè dúró. Ekùrọ́ yóò fi í sùn, yóò wá àyè kiri, yóò kó ohun tí kò kánjú lọ sórí díìsì, kí ó tó jí i. Èkejì ni GFP_ATOMIC: ẹni tí ń tọrọ kò lè dúró rárá, bí ó bá wà, kí a fún un, bí kò bá sí, kí a wí kíá. Ta ni kò lè dúró? Nígbà tí káàdì íńtánẹ́ẹ̀tì bá gba ẹrù láti òde, kì í retí kí a wá béèrè. Yóò fi ìpè pàjáwìrì ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà yóò sì pa ohun tí ó ń ṣe tì láti jẹ́ ẹ. Apá ògbufọ̀ tí ń jẹ́ ìpè yìí kò gbọdọ̀ sùn, nítorí pé kò ní àyè tirẹ̀ nínú ìwé àwọn tí ètò ìdarí ń jí. Ara ètò tí ó bá níbẹ̀ ni ó gùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó di irú àgádágodo kan mú tí àwọn yòókù ń yí lẹ́nu ọ̀nà láìsùn: bí òun bá sùn nínú ilé, gbogbo àwọn tí ó wà lóde yóò máa yí títí. Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ibi tí ògbufọ̀ dúró sí ni ó yẹ kí ó wò kí ó tó pinnu irú ìbéèrè tí yóò ṣe.

Èyíkéyìí tí ó bá lò, ó lè gba èsì pé kò sí. Èsì náà yóò dé bí àdírẹ́sì òfìfo, ẹni tí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò yóò sì lọ kọ nǹkan sí ibi tí kò sí. Ohun tí ó ń tan ni níhìn-ín ni pé nínú yàrá ìdánwò, àyè kì í sábà tán; ògbufọ̀ lè ṣiṣẹ́ ní oṣù mẹ́fà kí ó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà "kò sí" fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ọ̀rọ̀ dídápadà gan-an, nítorí ibẹ̀ ni ẹrù wà. Bí a bá so káàdì íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ kọ̀ǹpútà, ekùrọ́ yóò pe ògbufọ̀ rẹ̀ kí ó wá gbà á. Ògbufọ̀ yóò kọ́kọ́ gba àyè fún ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò ṣí ọ̀nà sí ojú ibi tí a ti ń fi àṣẹ fún káàdì náà. Yóò tún gba àyè tí káàdì yóò máa da ẹrù sí. Yóò gba ìlà ìpè pàjáwìrì. Ní ìkẹyìn, yóò fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ekùrọ́ pé òun ti ṣe tán láti ṣiṣẹ́. Ìgbésẹ̀ márùn-ún ni. Bí ìkẹrin bá kọ̀, a kò lè kàn padà sílé. Ẹ̀kẹta, èkejì àti èkíní ti wà ní ọwọ́, a sì gbọ́dọ̀ dá wọn padà, láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Ẹni tí ó wọ bùbá kí ó tó gbé agbádá kọ́rùn, agbádá ni yóò kọ́kọ́ bọ́.

Kí ni ó dé tí a fi ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn? Ká ní ògbufọ̀ dá ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ padà ná, kí ó tó jọ̀wọ́ ìlà ìpè. Láàrin méjèèjì, tí ó lè máà tó ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan, káàdì pè. Apá tí ń jẹ́ ìpè yóò dìde, yóò wá ìwé rẹ̀ lọ sí àdírẹ́sì tí ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà ti bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Bóyá ti ètò fáìlì ni nísinsìnyí. Ògbufọ̀ káàdì yóò kọ iye ẹrù tí ó gbà sí àárín ọ̀rọ̀ fáìlì, yóò sì lọ ní àlàáfíà. Ọjọ́ kejì ni fáìlì yóò bàjẹ́, ètò fáìlì ni a óò sì dá lẹ́bi. Ìdí nìyí tí irú àṣìṣe yìí fi ṣòro láti rí: ẹni tí ó ṣẹ̀ ti kúrò níbẹ̀ kí aláìṣẹ̀ tó ṣubú. Ó tún léwu ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni burúkú tí ó mọ̀ pé ògbufọ̀ kan máa ń padà sí ilẹ̀ tí ó ti fi sílẹ̀ lè ṣètò kí ilẹ̀ náà bọ́ sí òun lọ́wọ́, kí ó kọ ohun tí ó fẹ́ kí ògbufọ̀ náà gbàgbọ́ síbẹ̀, kí ó sì ti ibẹ̀ gba agbára lórí gbogbo kọ̀ǹpútà.

Èdè C ni a fi kọ púpọ̀ jù nínú Linux, C kò sì ní ohun kan nínú ìlànà rẹ̀ tí yóò rántí ìdápadà fún ni. Ohun tí àwọn àgbà ekùrọ́ ń ṣe ni pé wọn a to ìdápadà sí ìsàlẹ̀ iṣẹ́ náà bí àkàbà: àtẹ̀gùn òkè a tú ìgbésẹ̀ kẹrin, èyí tí ó tẹ̀lé e a tú ẹ̀kẹta, títí dé ilẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ bá ti kùnà ni a óò ti fi goto fò sí orí àtẹ̀gùn tí ó bá a mu, a óò sì máa sọ̀kalẹ̀. Edsger Dijkstra ọmọ ilẹ̀ Netherlands ti kọ lẹ́tà ní 1968 sí ìwé àtìgbàdégbà Communications of the ACM láti bu ẹnu àtẹ́ lu goto, ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ará ekùrọ́ ni ó jàre. Fífò tí ó wà fún sísọ̀kalẹ̀ nìkan kò da ẹnikẹ́ni lójú rú. Bí a bá tún ìdápadà kọ ní ojú ibi ìkùnà kọ̀ọ̀kan ni nǹkan ń dàrú, nítorí bí a bá fi ìgbésẹ̀ tuntun kún un lọ́dún mẹ́ta sí i, ibi kan yóò wà tí a óò gbàgbé.

Ní 2007, Tejun Heo mú ọ̀nà kan wá tí ó gba iṣẹ́ àkàbà yìí lọ́wọ́ ẹni tí ń kọ ògbufọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí libata nígbà náà, èyí tí í ṣe apá Linux tí ń bá díìsì sọ̀rọ̀. Orúkọ ètò rẹ̀ ni devres, inú Linux 2.6.21 ni ó sì ti jáde. Ohun tí ó ṣe ni pé ó fún ohun èlò kọ̀ọ̀kan ní ìwé gbèsè tirẹ̀. Bí ògbufọ̀ bá fi devm_kzalloc gba àyè dípò kzalloc, a óò kọ ọ́ sínú ìwé náà. Bí ó bá fi devm_request_irq gba ìlà ìpè, a óò kọ ìyẹn náà tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ tí ìgbésẹ̀ kan bá kùnà, tàbí tí a bá yọ ohun èlò kúrò, ekùrọ́ fúnra rẹ̀ yóò ṣí ìwé náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, yóò sì dá gbogbo rẹ̀ padà bí ó ti yẹ. Ìrọ̀rùn ńlá ni. Ọ̀pọ̀ ìlà ìdápadà ni ó parẹ́ kúrò nínú àwọn ògbufọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀fìn méjì wà nídìí rẹ̀. Kékeré ni ti pípo ọ̀nà méjì pọ̀. Bí a bá fẹ́ yọ ohun èlò, iṣẹ́ ìdágbére tí ògbufọ̀ kọ fúnra rẹ̀ ni ekùrọ́ ń kọ́kọ́ pè. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó tó ṣí ìwé gbèsè. Ògbufọ̀ tí ó fi devm gba ìlà ìpè, tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá àyè ìrántí padà nínú iṣẹ́ ìdágbére, ti bọ́ bùbá nígbà tí agbádá ṣì wà lọ́rùn. Ìpè lè dé láàrin, àbájáde rẹ̀ sì ni ti fáìlì tí a ti sọ lókè.

Ọ̀fìn kejì jinlẹ̀ jù ú lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó gbọ́n ni ó sì ti já sínú rẹ̀. Ká ní a so kámẹ́rà mọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú okùn USB, tí ètò kan ń fi í ya àwòrán lọ́wọ́. Ẹni tí ó ni ín wá fa okùn yọ. Ohun èlò ti lọ; ekùrọ́ yóò ṣí ìwé gbèsè rẹ̀, yóò sì dá gbogbo àyè padà. Ṣùgbọ́n ètò tí ń ya àwòrán kò tíì mọ̀. Kámẹ́rà náà ṣì wà ní ṣíṣí lọ́wọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí fáìlì. Nígbà tí ó bá fẹ́ ti fáìlì náà, bóyá lẹ́yìn wákàtí kan, ekùrọ́ yóò tún pe ògbufọ̀ pé kí ó wá ṣe ìdágbére sí oníbàárà yìí. Ògbufọ̀ yóò wá ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ, yóò sì bá ará ilé mìíràn níbẹ̀.

Kò sí ìlà kan tí a lè nàka sí níhìn-ín pé òun ni ó burú. Gbogbo ohun tí a gbà ni a dá padà, ní ẹsẹẹsẹ, láti ẹ̀yìn wá. Àṣìṣe náà wà nínú ìbéèrè tí a bi ara wa. Devm ń béèrè pé: nígbà wo ni ohun èlò lọ? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni pé: nígbà wo ni ẹni ìkẹyìn tí ń lo àyè yìí fi í sílẹ̀? Fún àyè tí ohun èlò nìkan ń lò, ìdáhùn méjèèjì jẹ́ ọ̀kan, devm sì tó. Yorùbá a máa wí pé ekùrọ́ ni alábàákú ẹ̀wà. Bí àyè àti ohun èlò bá jẹ́ alábàákú bẹ́ẹ̀, kò sí wàhálà. Fún àyè tí oníbàárà lè dì mú lẹ́yìn tí ohun èlò bá ti lọ, ìdáhùn náà yàtọ̀, kò sì sí bí ìwé gbèsè ohun èlò ṣe lè mọ̀ ọ́n.

Ohun tí a ń lò fún irú àyè kejì yìí ni kíka orí. Greg Kroah-Hartman ṣe ètò kékeré kan fún un nínú Linux tí ó ń jẹ́ kref, tí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ ní 2004. Àyè kọ̀ọ̀kan ní iye kan lára. Ẹni tí ó bá wọlé fi ọ̀kan kún un, ẹni tí ó bá jáde yọ ọ̀kan kúrò. Ẹni tí ó bá sì rí i pé ìyọkúrò tirẹ̀ sọ iye náà di òdo, òun ni yóò pa fìtílà, tí yóò dá àyè padà. Ní ti kámẹ́rà wa, ohun èlò di orí kan mú, fáìlì tí a ṣí di ọ̀kan. Bí okùn bá yọ, iye yóò di ọ̀kan dípò òdo, ìwé àkọsílẹ̀ yóò sì dúró de ètò tí ń ya àwòrán. Síbẹ̀, dídúró nìkan kò tó. Ìwé wà, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò sí. Nítorí náà ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé náà, lábẹ́ àgádágodo, pé ohun èlò ti lọ, kí ó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò nígbà gbogbo tí oníbàárà bá béèrè nǹkan. Ìdáhùn tí Linux yà sọ́tọ̀ fún èyí ni ENODEV: ohun èlò kò sí. Ètò tí ó bá gbọ́ ọ yóò ti fáìlì rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Àwọn oníbàárà mìíràn wà tí kì í ṣe ènìyàn, tí kì í sì í ṣe ètò tí à ń rí. Ògbufọ̀ lè ti fi aago sílẹ̀ pé kí a jí òun ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí i. Ó lè ti to iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ekùrọ́ láti ṣe nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Àwọn wọ̀nyí náà di àdírẹ́sì mú. Kí a tó dá àyè padà, a gbọ́dọ̀ fagi lé aago, a gbọ́dọ̀ lo cancel_work_sync fún iṣẹ́. "Sync" tí ó wà lẹ́yìn orúkọ náà sì ṣe pàtàkì, nítorí òun ni ó ń sọ pé kí a dúró títí iṣẹ́ tí ó ti bẹ̀rẹ̀ yóò fi parí. Fífagi lé e láìdúró dà bí kí a wó ilé nítorí pé a ti sọ fún ará ilé pé kí ó jáde, láìwò bóyá ó ti jáde.

Nítorí pé ojú ènìyàn kò tó gbogbo èyí, a ti ṣe àwọn ohun ìṣọ́. Kmemleak, tí ó wọ Linux ní 2009, a máa wo inú ìrántí káàkiri ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá bí a kò bá yí i padà. Àyè tí ó bá wà nínú ìwé, tí kò sì rí ẹnikẹ́ni tí ó di àdírẹ́sì rẹ̀ mú, ni yóò kéde gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó ṣeé ṣe kí ó ti sọnù. KASAN dé ní 2015. Ó ń fi báìtì kan ṣe ẹ̀ṣọ́ fún báìtì mẹ́jọ mẹ́jọ, kì í sì í tètè fún ẹlòmíràn ní àyè tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà; bí ògbufọ̀ bá tún yọjú síbẹ̀, KASAN yóò mú un lójú ẹsẹ̀, yóò sì sọ ẹni tí ó gba àyè náà, ẹni tí ó dá a padà, àti ẹni tí ó tún padà wá. Ó ń jẹ ìrántí, ó sì ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, nítorí náà a kì í sábà gbé e kúrò nínú yàrá ìdánwò. Lọ́dọ̀ Windows, ògbufọ̀ ní láti kọ àmì oní-lẹ́tà mẹ́rin sára àyè tí ó bá gbà, kí a lè mọ ti ẹni tí í ṣe. Driver Verifier, tí ó bá Windows 2000 dé, sì lè dá gbogbo kọ̀ǹpútà dúró bí ògbufọ̀ kan bá fẹ́ jáde láìdá àyè padà. Àṣẹ líle ni, ṣùgbọ́n yàrá ìdánwò ni ó yẹ kí kọ̀ǹpútà ti dákú, kì í ṣe ilé-ìwòsàn.

Àyípadà tí ó tuntun jù ni ti èdè. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, Linux 6.1 jáde pẹ̀lú ìpìlẹ̀ fún kíkọ apá ekùrọ́ ní Rust. Nínú Rust, ohun kọ̀ọ̀kan ní olówó kan ṣoṣo ní àkókò kan. Bí olówó rẹ̀ bá kúrò lójú ọ̀nà, èdè náà fúnra rẹ̀ ni yóò dá àyè rẹ̀ padà, kò sì ní í gbà kí a túmọ̀ ètò tí ó fẹ́ lo ohun tí olówó rẹ̀ ti lọ. Àwọn tí ó dúró ti C kò sì jókòó lásán: láti Linux 6.5 ti ọdún 2023, a lè kọ __free sára àdírẹ́sì kí ìdápadà rẹ̀ lè wáyé fúnra rẹ̀ bí iṣẹ́ bá ti parí, kí àkàbà goto sì dín kù. Ti kámẹ́rà àti okùn rẹ̀ kò tìtorí Rust parẹ́, nítorí pé èdè kankan kò lè mọ̀ ṣáájú ìgbà tí ẹnìkan yóò fa okùn yọ. Ohun tí a ṣe síbẹ̀ ni Devres ti Rust, tí ó jẹ́ pé a kò lè dé ọ̀dọ̀ ohun èlò láìgba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá. Ògbufọ̀ yóò kan ilẹ̀kùn, yóò béèrè bóyá ohun èlò ṣì wà. Bí ìdáhùn bá jẹ́ None, ilẹ̀kùn kò ní í ṣí, ẹni tí ó kọ ògbufọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ ti kọ ohun tí yóò ṣe níbẹ̀ sílẹ̀ kí a tó gbà pé ètò rẹ̀ pé.